Àáró Kì í Fo Ilé

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Tàwàkálítù fi gbé àpótí àjẹsára kọ́ èjìká. Ó gbé e dé Ìsẹ̀, ó gbé e dé Emùré, ó gbé e wọ àwọn abà tí ọ̀kadà máa ń já a sí etí odò, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀kán méjì ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àmì ṣọ́ọ̀kì kan lára ilẹ̀kùn, ó di ilé kejì. Òfin kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ní tí ó ká a lára: a kì í fo ilé. Bí wọ́n bá tìlẹ̀kùn mọ́ ọ lónìí, o ó padà lọ lọ́la. Bí wọ́n bá lé ọ lọ́la, o ó padà lọ ní ọ̀tunla. Ní Emùré, ọkùnrin kan tú ajá sí i. Ó padà dé ilé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó di ajá mú, tí ìyàwó rẹ̀ sì gbé ọmọ síta. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò fi ilé olórí kunkun yẹn sílẹ̀, ó ní, “Àrùn kò ní fò ó.”

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ni ó padà sí, ní òpópó kan tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀ Àpáta. Ilé mẹ́tàdínlógún ni ó wà níbẹ̀: mẹ́jọ ní ọwọ́ òsì bí a bá ń ti títì bọ̀, mẹ́sàn-án ní ọwọ́ ọ̀tún, àpáta sì dúró gbágbáágbá ní òpin rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àpáta kì í wọlẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, omi náà yóò ti ya wọ òpópó, yóò máa gbé korobá, bàtà àti adìyẹ. Ohun tí Tàwàkálítù sì bá nílé ni pé olúkúlùkù ti fi yanrìn mọ odi síwájú ilé tirẹ̀, tí ó fi ń darí omi sí ilé ẹnìkejì. Ìdílé Kristẹni ń darí rẹ̀ sí ti Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ń darí rẹ̀ sí ti Kristẹni, ọmọ ìyá méjì ń darí rẹ̀ síra wọn. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sórí afárá kékeré tí ó wà ní ẹnu títì láti òwúrọ̀, àwọn àgbà ń bú wọn láti ojú fèrèsé, kò sì sí ẹni tí ó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Kò pe ìpàdé. Ó mú ọkọ́, ó lọ bá àwọn tí ó wà lórí afárá, ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ gọ́tà kan tí yóò gba ti gbogbo ilé kọjá. Tọ́pẹ́, ọlọ́kadà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, béèrè pé, “Màmá, èló lẹ máa fún wa?”

“Èmi náà fẹ́ bi ọ́. Èló ni o máa fún mi? Gọ́tà náà yóò kọjá níwájú ulé ìyá rẹ.”

Láti ara gọ́tà yẹn ni àáró ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é lóko kí wọ́n tó bí wọn: a ṣiṣẹ́ lóko tìrẹ lónìí, a ṣiṣẹ́ lóko tèmi lọ́la, kò sí owó, kò sí ọpẹ́. Tàwàkálítù kàn gbé e wọ ìgboro ni. Ní gbogbo Sátidé, ilé kan ni yóò kàn, láti ẹnu títì gòkè ní ọwọ́ òsì títí dé ẹsẹ̀ àpáta, kí ó tó yí padà sọ̀kalẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Onílé ni yóò sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́: òrùlé tí ń jò, ṣáláńgá tí ó wó, oko tí igbó ti bò. Gbogbo ilé yóò fi ó kéré tán ènìyàn kan ránṣẹ́.

Díẹ̀ ni ó kù kí ó bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọbáfẹ́mi, tí ilé rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ ní ẹnu títì, se ìrẹsì, ó pa adìyẹ mẹ́ta fún àwọn tí wọ́n wá bá a kan òrùlé. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní Sátidé kejì, opó tí ó kàn tìlẹ̀kùn, ó ní ara òun kò yá. Tàwàkálítù wọlé tọ̀ ọ́, ó bá a tí ó jókòó ti ìkòkò òfìfo, ara rẹ̀ sì le koko. Ó jáde, ó sì kó gbogbo wọn jọ.

“Ọ̀wẹ̀ ni a ti ń fún ènìyàn lóúnjẹ,” ó ní. “Ẹni tó ní ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀. Àáró ni tiwa. Láti òní lọ, omi nìkan ni onílé yóò bù fún wa. Ẹni tí ebi bá ń pa, kí ó gbé oúnjẹ rẹ̀ wá láti ulé.”

Tọ́pẹ́ ní, “Ọbáfẹ́mi ti jẹ̀gbádùn ẹ̀.”

“Gbogbo wa la jẹ adìyẹ,” Ọbáfẹ́mi dá a lóhùn, “èmi nìkan ni mo fọ ìkòkò.”

Wọ́n ṣe ilé keje tán ní ìparí oṣù kìíní ọdún. Ilé kẹjọ ni ó kàn, èyí tí ó fẹ̀yìn ti àpáta. Abímbọ́lá tí ń yan gààrí ni ó ni ín, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Tóbilọ́ba, ẹni ọdún méjìlélógún. Òjò ọdún tí ó kọjá ti wó ògiri ẹ̀yìn ilé náà láti òkè délẹ̀. Ìyá àti ọmọ ti po amọ̀, wọ́n ti gé bíríkì amọ̀ tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, wọ́n sá a títí ó fi gbẹ, wọ́n sì fi páànù ògbólógbòó bò ó. Ọwọ́ púpọ̀ ni wọ́n ń retí, kí wọ́n lè mọ ògiri náà ní ọjọ́ kan. Bíríkì amọ̀ tí òjò bá bá nílẹ̀ yóò padà di ilẹ̀. Bí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀, abà ni ìyá àti ọmọ yóò kó lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gbé yàrá tí àpáta ń da omi sí lọ́dún kejì.

Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí Tóbilọ́ba ṣáájú Kérésìmesì. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan kó ọ̀dọ́ márùn-ún níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, òun náà sì wà nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò ní àhámọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí ó máa lọ, wọn kò ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí i lọ́rùn, wọn kò sì tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí fa ọmọ wọn mọ́ra bí ó bá ń kọjá. Kò tìtorí èyí dáwọ́ dúró: ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ìtúsílẹ̀ rẹ̀, orí òrùlé ilé kẹta ni ó wà, tí ó ń kan ìṣó.

Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ilé wọn kàn ni Alàgbà Jeremiah, alága àwọn onílé, wá kí Tàwàkálítù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ó fi ọdún mẹ́rin ju Tàwàkálítù lọ, ilé rẹ̀ sì ni ó tẹ̀lé ti obìnrin náà ní ọwọ́ ọ̀tún.

“Tàwá, mo mọ̀ pé orí rẹ máa ń gbóná. Ìdí nìyí tí mo fi wá fúnra mi.”

“Ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó ná, kí ó tó gbóná.”

Ó jókòó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. “Àwa onílé mẹ́fà ti fikùn lukùn. A ò lè kó ọmọ olọ́mọ lọ sí ulé ọmọ tí ọlọ́pàá gbé. Orúkọ òpópó yìí ni mò ń rò.”

“Ọlọ́pàá gbé e, ọlọ́pàá dá a sílẹ̀. Kí ni wọ́n ní ó ṣe?”

“Wọn ò sọ.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ ní ó ṣe?”

“Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.”

“Ìdí rẹ̀ ni pé fóònù rẹ̀ kú, ó sì gbé e lọ gba iná.”

Jeremiah rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fara sún mọ́ ọn. “Kò sí ẹni tí ó ní a ò ní ṣe tiwọn. A kàn máa sún un síwájú ni, títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ìwọ ni o kàn lẹ́yìn wọn. Ní Sátidé yìí, oko uṣu rẹ ni gbogbo wa ń bọ̀. Irinwó ebè. Kí oòrùn tó mú, a ti kọ ọ́ tán.”

Tàwàkálítù ti fi ojú inú rí oko náà, ebè tí ó tò lọ rẹrẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, wọn kò lè wá. Ọwọ́ òun nìkan kò lè kọ ju ebè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lójúmọ́, kí ẹ̀yìn tó kọ̀ fún un. Iṣu yẹn ni yóò jẹ títí ọdún yóò fi yípo.

“Òjò ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?” ó béèrè. “Ṣé yóò dúró kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀?”

“Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi.”

“Àmọ́ ọjọ́ Abímbọ́lá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì fẹ́ gbé e fún mi. Mi ò lè jẹ ìpín rẹ̀ kí n sì máa kí i láàárọ̀.”

Jeremiah dìde. “Kí n sọ ọ́ kó yé ọ. Ẹni tó bá dé ulé yẹn ní Sátidé, kó má retí ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìwọ sì ni àkọ́kọ́.”

“Mo gbọ́.”

“Ṣé o gbọ́ dáadáa?”

“Etí kọ́ ló ń dùn mí, ẹ̀gbọ́n. Orúnkún ni.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìkéde wọ Wasáàpù òpópó: àáró Sátidé kò ní wáyé ní ilé kẹjọ, ìpinnu àwọn onílé ni. Àwọn kan fi àtàǹpàkò sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ jù kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Tàwàkálítù lọ sí ẹsẹ̀ àpáta. Abímbọ́lá ń di ẹrù. Ó ti so ìkòkò pọ̀ mọ́ ìkòkò.

“Àǹtí Tàwá, ẹ má torí wa sọ ara yín di ọ̀tá. Abà kò burú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí.”

“Ṣé ibẹ̀ ló wù ọ́ láti lọ, àbí ibẹ̀ ni wọ́n lé ọ sí?”

Abímbọ́lá fa okùn ẹrù náà le. Tóbilọ́ba jókòó sórí òkìtì amọ̀ tí ó ti kó jọ láti fi mọ bíríkì léra, ó ń fi igi kékeré ha ilẹ̀.

“A gbọ́dọ̀ po amọ̀ yìí lónìí kí ó lè sùn mọ́jú,” Tàwàkálítù ní. “Bọ́ bàtà rẹ.”

“Màmá, bí a bá pò ó, tí wọn ò sì wá lọ́la, yóò gbẹ.”

“Ìdí nìyẹn tí a fi máa pò ó. Amọ̀ tí a kò pò ni ó ń rọrùn láti fi sílẹ̀.”

Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sì bọ́ sínú amọ̀. Ọmọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí ń rì tí ó sì ń yọ; ojú tì í, ó dìde, ó lọ pọn omi. Abímbọ́lá tú ìdí ẹrù náà. Ìkòkò tí ó wà lókè ni ó kọ́kọ́ bu omi sí. Wọ́n tẹ amọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀ sẹ́yìn àpáta, wọ́n sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, aago méje lù, kò sí ènìyàn. Aago méje ààbọ̀ lù. Òpópó dákẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn sì wà ní títì bí ẹni pé oòrùn kò tíì là. Àwọn mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀. Tàwàkálítù ń ṣu amọ̀, kò sì gbé ojú sókè wo ọ̀nà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ń wò ó, Abímbọ́lá náà yóò máa wò ó.

Tọ́pẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

“Mo ní kí n wá wo bí amọ̀ ṣe ń gbẹ ni.”

“Ó ṣì tutù,” Tóbilọ́ba ní.

“Ẹ̀yin náà ò kúkú yára.” Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi kọ́ ọ̀kadà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hàkíìmù dé, ọmọ ilé kẹta, bíríkìlà ni. Ó gbé korobá irinṣẹ́ dání, ó wo ìpìlẹ̀, ó mi orí, ó ní òun kò ní gbé bíríkì amọ̀ lé ilẹ̀ lásán. Òkúta ni wọn yóò kọ́kọ́ tò. Òkúta kò sì wọ́n ní ẹsẹ̀ àpáta. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti di mẹ́sàn-án, láti ilé márùn-ún. Opó tí kò ní oúnjẹ ní Sátidé kejì ni ó dé kẹ́yìn, ó gbé omi tútù àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá.

Jeremiah kọjá ní bí aago mẹ́wàá. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọjá láìkí wọn. Ènìyàn kì í kọjá lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ láìsọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀tá pàápàá ń sọ ọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró.

“Alàgbà,” Tọ́pẹ́ ní, “ṣé ẹnu ń dùn yín ni?”

“Má bú àgbàlagbà,” ni Tàwàkálítù sọ. “Gbé bíríkì.”

Jeremiah kò yíjú padà. “Mò ń wo ojú gbogbo yín. Mò ń kọ orúkọ sílẹ̀.”

“Ẹ kọ tèmi ṣáájú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì kọ ọ́ kó hàn.”

Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ògiri náà ti dé abẹ́ òrùlé. Kò tọ́ tán. Hàkíìmù dúró lókèèrè, ó di ojú kan, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun rí i. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ já lu àpáta. Omi ya wálẹ̀, ó kọlu òkúta ìdí ògiri, ó yà sínú gọ́tà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Alàgbà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ní Sátidé tí ó kan Tàwàkálítù, kò sí ẹsẹ̀ kan láti ilé méjìlá tí kò wá sí ti Abímbọ́lá. Àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n mọ ògiri wá, Abímbọ́lá àti Tóbilọ́ba ni wọ́n sì kọ́kọ́ dé oko, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n kọ ebè títí àtẹ́lẹwọ́ Tọ́pẹ́ fi bó. Nígbà tí wọ́n kà á, àádọ́sàn-án ni. Tàwàkálítù gbin àádọ́sàn-án. Ó wo ilẹ̀ tí ó kù, ó mọ̀ pé òun yóò jẹ gààrí púpọ̀ ní ọdún yìí, ó sì kó ẹ̀bù tí ó ṣẹ́kù padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Lórí ebè ìkẹyìn ni ó ti sọ fún wọn pé, “Ulé ẹ̀gbọ́n Jeremiah ló kàn ní Sátidé.”

Tọ́pẹ́ ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. “Màmá, ẹ tún un sọ.”

“O gbọ́ mi.”

“Ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni má wá sí oko yín?”

“Òun ló ní kí wọ́n má wá. Èmi ò sọ pé a ò ní lọ. Bí a bá fo ulé rẹ̀, a ti gbà pé a lè fo ulé. Kí ló wá yà wá sọ́tọ̀?”

“Kí ó lè mọ̀ pé a sàn jù ú lọ?” Hàkíìmù béèrè.

“Kí ó lè mọ̀ pé kò ní àṣẹ,” ni èsì rẹ̀.

Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu. Tóbilọ́ba ni ó fọhùn kẹ́yìn. “Èmi náà ńkọ́?”

“Ìwọ ni ọkọ́ rẹ mú jù.”

Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìbàdí Alàgbà ti ń dùn ún láti ọdún méjì, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun, koríko sì ti bo ọgbà rẹ̀ nínú àti níta, láti ẹsẹ̀ géètì títí dé etí gọ́tà. Ní Sátidé, wọ́n bá géètì ní títì. Tàwàkálítù kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìdáhùn. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ìró ọkọ́ gba òpópó kan. Fèrèsé kan ṣí, òmíràn ṣí. Ọbáfẹ́mi, tí ó wà lára àwọn mẹ́fà tí wọ́n fikùn lukùn, jáde síwájú ilé rẹ̀, ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó wọlé padà, ó sì mú àdá wá. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣán koríko.

Géètì ṣí. Jeremiah dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

“Ta ló pè yín?”

“A kì í pe àáró, ẹ̀gbọ́n,” Tàwàkálítù ní. “Ó máa ń kàn ni.”

Ó wo koríko tí wọ́n ti ro. Ó wo àwọn fèrèsé. Ó wo Ọbáfẹ́mi, Ọbáfẹ́mi sì ń wo ojú àdá rẹ̀. Nígbà tí ó tún fọhùn, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ó dáa. Ẹ wọlé. Iṣẹ́ pọ̀ nínú ọgbà. Àmọ́ ọmọ yẹn, kí ó dúró síta.”

Tóbilọ́ba gbé ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Màmá, ẹ wọlé. Kò ṣe nǹkan. Mo lè dúró.”

“Ta ló ní kí o gbé ọkọ́ kalẹ̀?” Tàwàkálítù kò pariwo. Ó yí ẹ̀yìn sí géètì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. “Ìta la wà.”

Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Hàkíìmù náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abímbọ́lá sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń kó koríko tí ó ń ro jọ. Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, Alàgbà dúró síbẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan wọlé, kò sì sí ẹni tí ó wọlé. Wọ́n ro ìta láti òpó géètì kìíní dé òpó kejì, wọ́n ro etí gọ́tà, wọ́n gbá a, wọ́n kó pàǹtírí kúrò. Ilẹ̀ náà mọ́ débi pé ènìyàn lè sá èlùbọ́ sí i. Ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí ibẹ̀, nínú ọgbà, koríko ga dé orúnkún, gbogbo ẹni tí ó bá sì ń kọjá lè rí ibi tí ọ̀kan ti parí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Tàwàkálítù fi koríko nu ojú ọkọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká. Ó dárúkọ ilé tí ó kàn ní Sátidé tí ń bọ̀, sókè tó kí ẹni tí ó wà lẹ́nu géètì lè gbọ́. Ó ní aago méje ni. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn jọ sọ̀kalẹ̀ lọ.